gem5: m5.checkpoint() kì í parí bí ẹ̀rọ amúṣẹ́yá mi bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́

Ọmọ-Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé:

Mo kí ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ yìí, ẹ kú làálàá o. Mo ń kọ ẹ̀rọ amúṣẹ́yá kan tí yóò máa sọ mátíríìsì di púpọ̀ sínú gem5, símúlétọ̀ tó ń fara wé kọ̀ǹpútà. SimObject (ẹ̀yà kan nínú ìfarawé) tó dá dúró ni, mo sì fi pọ́ọ̀tù kan so ó mọ́ membus, ọ̀nà tó lọ sí mẹ́mórì. TimingSimpleCPU ni mo ń lò, káàṣì rẹ̀ sì jẹ́ ti ètò mẹ́mórì classic, kì í ṣe ti Ruby, ètò mẹ́mórì gem5 mìíràn. Linux odidi ni mo ń gbé dìde nínú rẹ̀, èyí sì máa ń pẹ́ débi pé iná lè lọ kó tó parí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ṣe é láìsí checkpoint (ipò ìfarawé tí a kọ pamọ́ ká lè tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀).

Bí mo bá pe m5.checkpoint() nígbà tí ẹ̀rọ náà wà ní ìsinmi, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àṣẹ náà kì í parí. gem5 kò kú, kò sọ pé àṣìṣe kan wà, ó kàn ń jẹ agbára kọ̀ǹpútà lọ ṣáá ni. Bí mo ṣe kọ drain(), fọ́nṣọ̀n tí gem5 fi ń béèrè bóyá iṣẹ́ ṣì wà lọ́nà, nìyí:

`DrainState MatAccel::drain()`
`{ return pendingQueue.empty() ? DrainState::Drained : DrainState::Draining; }`

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè yẹ̀ wò?

Àgbà-Símúlétọ̀ dáhùn pé:

Ìdajì kóòdù lẹ fi hàn wá, nítorí drain() nìkan kọ́ ló ń pinnu bóyá checkpoint yóò parí. Nígbà tí ẹ bá pe m5.checkpoint(), gem5 á kọ́kọ́ drain gbogbo ètò (ìyẹn ni pé á jẹ́ kí iṣẹ́ tó wà lọ́nà gbẹ), á wá kó dátà tó ti yí padà nínú káàṣì lọ sínú mẹ́mórì, lẹ́yìn náà ni yóò tó kọ ipò SimObject kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì. Ibi àkọ́kọ́ yìí ni tiyín há sí.

DrainManager kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo símúlétọ̀. Yóò bi ohun gbogbo tó bá jẹ́ Drainable léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, nípa pípe drain() rẹ̀. Èyí tí kò ní nǹkan kan lọ́nà yóò dáhùn pé Drained. Èyí tó ṣì ní iṣẹ́ lọ́wọ́ yóò dáhùn pé Draining, DrainManager yóò sì kà á mọ́ àwọn tí òun ń dúró dè. Ìfarawé yóò wá máa bá a lọ títí gbogbo àwọn tó dáhùn pé Draining yóò fi pe signalDrainDone(), ìpè kọ̀ọ̀kan yóò sì máa yọ ẹyọ kan kúrò nínú òǹkà náà. Bí òǹkà bá di òdo, ìfarawé yóò dúró, ìdí tí yóò sì sọ ni “Finished drain”. Ibẹ̀ kọ́ ló tán sí o. Python yóò tún padà lọ bi gbogbo wọn léèrè láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ohun tí ẹnì kan tú jáde kó tó gbẹ lè ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ti gbẹ. Ìgbà tí gbogbo wọn bá dáhùn pé Drained nínú ìbéèrè kan náà ni drain tó parí.

Ọ̀nà méjì wá ni drain lè gbà kọ̀ láti parí, wọ́n sì jọra lójú ẹni tó ń wò ó láti ìta. Bí ẹnì kan bá dáhùn pé Draining tí kò sì pe signalDrainDone() láéláé, òǹkà kò ní dé òdo. Bí ẹnì kan bá sì ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn tó ti sọ pé òun ti gbẹ, òǹkà á máa dé òdo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó bá tẹ̀ lé e yóò tún bá ẹni tí kò tíì gbẹ, báyìí ni yóò sì máa yí. Ẹ fi `--debug-flags=Drain` ṣiṣẹ́ ká lè mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Bí “Need another drain cycle” bá jáde lẹ́ẹ̀kan tí gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́, ti àkọ́kọ́ ni. Bí ó bá ń tún un sọ láìdákẹ́, ti èkejì ni. gem5.opt tàbí gem5.debug ni kí ẹ lò, nítorí gem5.fast kì í tẹ irú ìtọpa bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ sì jẹ́ ká rí gbogbo ibi tí ẹ ti pe signalDrainDone().

Ọmọ-Ẹ̀rọ:

Ẹ ṣeun sà. Ohun tó jáde nìyí, mo ti yọ nọ́ńbà tick (àkókò ìfarawé) kúrò níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan:

`Failed to drain system.cpu`
`Failed to drain system.accel`
`Failed to drain system.mem_ctrls`
`Need another drain cycle. 3/87 objects not ready.`

Lẹ́yìn èyí, ó dákẹ́ pátápátá. Ibì kan ṣoṣo ni mo ti pe signalDrainDone():

`void MatAccel::recvReqRetry()`
`{`
`  while (!pendingQueue.empty() && port.sendTimingReq(pendingQueue.front()))`
`    pendingQueue.pop_front();`
`  if (pendingQueue.empty()) signalDrainDone();`
`}`

tick(), fọ́nṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo clock, náà máa ń fi pákẹ́ẹ̀tì (ìbéèrè sí mẹ́mórì) tó wà níwájú ìlà ránṣẹ́ ní tààrà bí membus bá ṣí sílẹ̀.

Òǹkọ̀-Kóòdù:

Ẹ má da ara yín láàmú jù. Ẹ jẹ́ kí drain() máa dáhùn pé Drained ní gbogbo ìgbà. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, checkpoint ń jáde wẹ́rẹ́, ìfarawé sì ń padà bọ̀ sípò láti inú rẹ̀.

Àgbà-Símúlétọ̀:

Ọmọ-Ẹ̀rọ, ìdáhùn ti wà nínú ohun tí ẹ kọ gbẹ̀yìn yẹn. Ìlà pendingQueue lè ṣófo láti ọ̀nà méjì: láti recvReqRetry(), tàbí láti tick(). Ẹyọ kan nínú méjèèjì ló ń sọ fún DrainManager. Bí membus kò bá dí nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì ìkẹyìn jáde, tick() ló máa gbé e, kò sì sẹ́ni tó máa pe signalDrainDone(). CPU àti mem_ctrls ti parí tiwọn, wọ́n sì ti sọ ọ́. Ẹ̀rọ yín nìkan ló kù tí a ń dúró dè. Ẹ kó àyẹ̀wò náà sínú fọ́nṣọ̀n kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa pè é níbi gbogbo tí iṣẹ́ tó wà lọ́nà ti lè dín kù:

`void MatAccel::checkDrain()`
`{`
`  if (drainState() == DrainState::Draining && pendingQueue.empty() && outstanding == 0)`
`    signalDrainDone();`
`}`

Ẹ kíyè sí `outstanding` tí mo fi kún un. Ìbéèrè tó ti kúrò nínú ìlà yín kò tíì parí: ó wà nínú membus tàbí lọ́wọ́ mẹ́mórì, èsì rẹ̀ sì ń bọ̀. Ẹ máa fi ẹyọ kan kún un nígbà tí sendTimingReq() bá gbà, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú recvTimingResp(). drain() fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo méjèèjì kó tó dáhùn pé Drained. Bí drainState() kò bá sì jẹ́ Running, kí tick() má ṣe dá ìbéèrè tuntun sílẹ̀, kó kàn máa tú èyí tó ti wà nínú ìlà jáde. Ohun kan tún wà: ẹ má pe checkDrain() láti inú drain(). Láàárín ìpè yẹn, ipò ẹ̀rọ yín ti di Draining, ṣùgbọ́n DrainManager kò tíì kà á mọ́ ara, òǹkà lè wà ní òdo síbẹ̀, `assert(_count > 0)` á sì pa gem5 lójú yín.

Òǹkọ̀-Kóòdù, mi ò fara mọ́ tiyín rárá. Ètò checkpoint duro lórí pé kò sí pákẹ́ẹ̀tì kankan lọ́nà nígbà tí a bá ń kọ̀wé. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibì kankan nínú m5.cpt, fáìlì ipò inú checkpoint, tí a ń kọ pákẹ́ẹ̀tì sí. Ẹ wo ẹ̀rọ tó sọ pé òun ti gbẹ nígbà tí pákẹ́ẹ̀tì mélòó kan ṣì wà nínú ìlà rẹ̀, tó ń dúró kí membus yọ̀ǹda. Adírẹ́sì inú kọ̀ǹpútà yín ni pákẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, wọn ò ní ìtumọ̀ kankan lọ́la, wọn ò sì ní wọ inú fáìlì. Bí ẹ bá padà bọ̀ láti inú checkpoint náà, ẹ̀rọ yín á máa dúró de èsì ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé èsì kan dé bá a lẹ́yìn tó ti sọ pé òun ti gbẹ, tí èsì yẹn wá jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè mìíràn, ẹ ti bọ́ sínú ọ̀nà kejì tí mo sọ lókè. Bí tiyín bá ń ṣiṣẹ́, mo fura pé ẹ̀rọ yín kì í sábà ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń ya checkpoint.

Òǹkọ̀-Kóòdù:

Bẹ́ẹ̀ ni, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń yà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìdí mi. Mátíríìsì tèmi tóbi. Bí drain() bá ní láti dúró de ìgbà tí gbogbo ìsọdipúpọ̀ náà parí, CPU á ti dúró pa, mẹ́mórì á sì kù fún ẹ̀rọ amúṣẹ́yá nìkan. Ìfarawé tó ṣẹlẹ̀ lákòókò drain yẹn kò jọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ní ti gidi mọ́. Ẹ wo bí ìyẹn ṣe máa ba òǹkà mi jẹ́.

Ìyá-Káàṣì:

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni pé drain kò sọ pé kí iṣẹ́ parí. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ẹ dé ibi tí a ti lè fi nọ́ńbà nìkan kọ ipò yín sílẹ̀. Ẹ wo TimingSimpleCPU. Kì í dúró de òpin ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, òpin ìtọ́ni kan ló ń dúró dè: microPC (ibi tó dé láàárín ìtọ́ni kan) gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo, kò sì gbọdọ̀ sí ìṣẹ̀lẹ̀ fetch (gbígbé ìtọ́ni wá) tó ń dúró. O3CPU, irú CPU mìíràn nínú gem5, ní iṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìtọ́ni púpọ̀ ló wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ní láti tú gbogbo wọn jáde kó tó dáhùn. Bákan náà ni ti ẹ̀rọ amúṣẹ́yá: ẹ dá ìbéèrè tuntun dúró, ẹ jẹ́ kí èyí tó wà lọ́nà dé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìlà àti òpó tí ẹ dé sílẹ̀. Ìwọ̀nba àkókò tí mẹ́mórì fi ń dá èsì padà ni ìyẹn máa gbà.

Ẹyin lẹ máa yan ibi tí ẹ ti fẹ́ dúró. Bí ó bá ṣe súnmọ́, bẹ́ẹ̀ ni drain yóò ṣe yá, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí serialize(), fọ́nṣọ̀n tó ń kọ ipò ẹ̀rọ sínú checkpoint, gbọ́dọ̀ kọ yóò ṣe pọ̀ tó.

Ọmọ-Ẹ̀rọ:

Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Ìtọpa Drain ti parí pẹ̀lú “Drain done.”, fódà cpt sì ti jáde pẹ̀lú nọ́ńbà tick lára orúkọ rẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà bọ̀ láti inú rẹ̀, Linux jí, CPU ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ amúṣẹ́yá nìkan ló dákẹ́. Ètò tó wà lórí CPU ń ka réjísítà ìparí rẹ̀ lọ ṣáá, òdo ló ń rí. Apá tó kàn án nínú m5.cpt nìyí:

`[system.accel]`
`busy=true`
`row=12`
`col=4`

Gbogbo nọ́ńbà wọ̀nyí ló pé. Mo tẹ̀ wọ́n jáde lẹ́yìn unserialize(), èyí tó ń kà wọ́n padà, wọn ò yàtọ̀.

Ìyá-Káàṣì:

Ẹ tún apá yẹn kà, kí ẹ sì sọ fún mi ìgbà tí ẹ̀rọ náà máa jí. Kò sí níbẹ̀. gem5 kì í kọ ìlà ìṣẹ̀lẹ̀ sínú checkpoint lódidi. Oníkálukú ló ni ìṣẹ̀lẹ̀ tirẹ̀, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ tún un tò nígbà tó bá padà dé. Mo gbà pé tick() yín ń tún ara rẹ̀ tò lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, àní nígbà tí ètò ti gbẹ. Nínú ìfarawé kan náà, kò sí ìṣòro, torí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì wà nínú ìlà. Nínú ìfarawé tuntun, ìlà tuntun ni, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ ta tick() jí.

Ọ̀nà kan ni pé kí serialize() kọ `tickEvent.when()` sílẹ̀ bí a bá ti tò ó, kí unserialize() sì fi schedule() dá a padà sí tick náà gan-an. Ìyẹn ló yẹ ẹ̀rọ bí aago (timer), ìyẹn ohun tí àkókò ìjí rẹ̀ ní ìtumọ̀ pàtó. Fún ẹ̀rọ tó kàn ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo clock, ọ̀nà kejì ló mọ́ jù lójú tèmi: kí tick() má tún ara rẹ̀ tò mọ́ bí ẹ̀rọ bá ti gbẹ, kí drainResume() sì tò ó sí clockEdge(Cycles(1)) bí busy bá jẹ́ òótọ́. drainResume() ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀nà méjèèjì. A ń pè é nígbà tí ìfarawé bá ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn drain, a sì ń pè é lẹ́yìn ìpadàbọ̀ pẹ̀lú, torí pé gem5 á ti kọ́kọ́ fi gbogbo wọn sí ipò Drained kó tó ka fáìlì. A kì í pè é nígbà tí ìfarawé bá bẹ̀rẹ̀ láti òdo, nítorí náà ẹ má kó ohun tó jẹ́ ti startup() síbẹ̀. Ẹ má sì ṣe méjèèjì pọ̀: bí unserialize() bá ti tò ó, tí drainResume() tún fẹ́ tò ó, gem5 á kọ̀ ọ́, torí ìṣẹ̀lẹ̀ kan kò lè wà nínú ìlà lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀nà mẹ́ta ni kí ẹ máa gbà dán an wò. Ẹ ṣe ìfarawé kan láìsí checkpoint rárá. Ẹ ṣe èkejì tó ya checkpoint láàárín, tó sì tẹ̀ síwájú láìdúró. Ẹ wá ṣe ẹ̀kẹta tó bẹ̀rẹ̀ láti inú checkpoint náà. Bí èkejì bá yàtọ̀ sí èkíní nínú èsì mátíríìsì, drain() tàbí drainResume() ni kí ẹ dì mú, ẹ má tilẹ̀ ṣí m5.cpt. Bí èkejì bá tọ̀nà tí ẹ̀kẹta sì ṣìnà, ohun kan wà tí serialize() kò kọ.

Ọmọ-Ẹ̀rọ:

Ẹ ṣé mà. drainResume() ló yanjú rẹ̀, ẹ̀rọ náà ti jí, ó sì parí iṣẹ́. Ìdánwò èkejì bá èkíní mu pátápátá. Ti ẹ̀kẹta ni kò bá a mu, ọ̀nà tó sì gbà yàtọ̀ yà mí lẹ́nu: gbogbo mátíríìsì èsì ló tọ̀nà àfi bulọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, èyí tó wà ní ìlà 12, òpó 4. Àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í ṣe òdo, ṣùgbọ́n wọ́n kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Àgbà-Símúlétọ̀:

Wọ́n kéré nítorí pé àpapọ̀ tí ẹ ti ṣe kó tó di checkpoint ti sọnù, èyí tí ẹ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló wọlé. Ẹ̀rọ yín ní àpò kékeré kan nínú tó ń kó àpapọ̀ bulọ́ọ̀kù tó wà lọ́wọ́ jọ, àbí? Kì í ṣe ara mẹ́mórì símúlétọ̀, vector C++ ni, nítorí náà kò sí nínú fáìlì .pmem (ẹ̀dà mẹ́mórì inú checkpoint), kò sì sí nínú m5.cpt. Ẹ fi SERIALIZE_CONTAINER kọ ọ́, tàbí kí ẹ sún ibi ìdúró drain sí òpin bulọ́ọ̀kù, níbi tí àpò náà ti ń ṣófo fúnra rẹ̀. Èkejì ni èmi yóò yàn bí bulọ́ọ̀kù bá kéré, torí ohun tí a kò kọ kò lè ṣìnà.

Bí ẹ bá yan ti àkọ́kọ́, ẹ rántí pé checkpoint tí ẹ ti yà tẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan náà nínú. UNSERIALIZE_CONTAINER á wá a, kò ní rí i, gem5 á sì dúró lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú “Can't unserialize”. Ẹ má fi ìyẹn ṣe bàbàrà o, ó sàn kó dúró ju kó máa lọ pẹ̀lú àpò òfìfo. UNSERIALIZE_OPT_SCALAR wà fún nọ́ńbà ẹyọ kan tí kò ṣe dandan, ẹ má sì lò ó fún ohun tí èsì gbára lé.

Ọmọ-Ẹ̀rọ:

Òpin bulọ́ọ̀kù ni mo yàn. Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti bá ara wọn mu. Ohun tó kù ni pé òǹkà àìrí-nǹkan nínú káàṣì L2 pọ̀ nínú ìdánwò ẹ̀kẹta ju ti èkejì lọ. Ṣé ohun mìíràn ṣì wà tí a kò kọ?

Ìyá-Káàṣì:

Kò sí, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nínú ètò classic, ohun tó wà nínú káàṣì kì í wọ checkpoint. memWriteback kó dátà tó ti yí padà lọ sínú mẹ́mórì, mẹ́mórì sì wọ .pmem, ẹ bá padà wọlé, káàṣì á ṣófo, gbogbo ohun tí CPU bá kọ́kọ́ bèèrè á sì já sí àìrí. Bí dátà tó ti yí padà bá ṣẹ́kù sínú káàṣì nígbà ìkọ̀wé, gem5 fúnra rẹ̀ á kìlọ̀ pé checkpoint náà kò dára, kò sì ní gbà kí ẹ padà bọ̀ láti inú rẹ̀. Ruby yàtọ̀ síyẹn: ó ń kọ àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú káàṣì, ó sì ń tún un ṣe nígbà ìpadàbọ̀ kí ìfarawé tó bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Nítorí náà, lẹ́yìn ìpadàbọ̀, ẹ jẹ́ kí ètò náà ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí káàṣì kún, kí ẹ pe m5.stats.reset(), kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan kan. Bí iye ìtọ́ni tí ẹ fi ń jẹ́ kó kún ṣe pọ̀ tó sinmi lé bí L2 yín ṣe tóbi tó. Ẹ máa fi kún un títí òǹkà àìrí kò fi ní yí padà mọ́.

Òǹkọ̀-Kóòdù:

Mo ti kó checkDrain() sínú tèmi náà. “Need another drain cycle” jáde lẹ́ẹ̀mejì, “Drain done.” sì tẹ̀ lé e. Mo ti pa gbogbo checkpoint àtijọ́ rẹ́, mo sì ń tún wọn yà.